Ojúewé Tó Fo Orúkọ Ulumoana

Láyé ìgbà kan, bí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà etíkun gúúsù erékùṣù Upolu, tí ara rẹ̀ ń tàn yòò bí aṣọ ọdún, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó kùn ún. Luapene ni. Orúkọ mọ́tò á wà níwájú, ẹyẹ á wà lápá ọ̀tún, ẹja ńlá á wà lápá òsì, ẹsẹ Bíbélì á sì wà lẹ́yìn. Bí onímọ́tò bá ní kó fi òdòdó díẹ̀ kún un, á fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́, torí ọkùnrin náà kì í rí ibi tó ṣófo kó má fi ọ̀dà kàn án. Ìyàwó rẹ̀, kó tó di olóògbé, máa ń sọ pé òun kì í jókòó pẹ́ lójú kan nínú ilé àwọn, kí ọkọ òun má baà kun òun náà.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ sítíkà dé sí Apia, olú ìlú. Iṣẹ́ tí Luapene ń fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ yìí á ti parí rẹ̀ kí èèyàn tó mu ife kòkó kan tán. Sítíkà náà kò rẹwà tó tọwọ́ rẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó wà níbi tí wọ́n ti ń kùn ún kò gbé èrò, ta ni yóò wá dá onímọ́tò lẹ́bi? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yẹra, títí ó fi ku Luapene nìkan nínú búkà rẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà tí etí wọn ti gbẹ.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, orúnkún rẹ̀ kan sì ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Vaelupe, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé ní Auckland, lókè òkun. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

“Bàbá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Kí lẹ ń dúró ṣe níbẹ̀?”

“Mò ń dúró de ẹ̀mí mi.”

“Ẹ̀mí yín á tẹ̀lé yín wá.”

“Kò ní tẹ̀lé mi. Òtútù ń bà á lẹ́rù.”

Ó ti débẹ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, gbogbo wọn á lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, òun nìkan á wá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Nígbà tó padà sílé, ó ní tí òun bá tún lọ, á jẹ́ pé wọ́n gbé òun lọ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbẹ̀yìn, bàbá àti ọmọ fẹnu kò: kí Luapene kọ́ iṣẹ́ tuntun kan. Bí iṣẹ́ náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí abúlé wọn, Malaevai, tó ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ilé ìjọsìn wọn, á dúró sílé. Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, á di ẹrù rẹ̀ láìjiyàn.

Iṣẹ́ tó yàn ni kíkọ ojúewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lójú tiẹ̀, pátákó lásán ni. Pátákó tó wà nínú gíláàsì.

Nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn kan ní Apia ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Salilo lorúkọ olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́bìnrin tó tín-ín-rín, tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún wọn pé ohun méjì ló wà nínú ojúewé, kí wọ́n má sì pò ó pọ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àti ìtò rẹ̀: èwo ni olórí, èwo ló tẹ̀lé e, èwo ló wà lábẹ́ èwo. Èkejì ni ọ̀ṣọ́: àwọ̀, bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, ibi tí nǹkan jókòó sí. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni ti ìtò, fáìlì ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀ṣọ́.

“Ẹ kọ́kọ́ bí ọmọ,” ló wí, “kẹ́ ẹ tó rán aṣọ fún un.”

Luapene mi orí. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ní ọmọ yìí kò mọ àwòrán yà ni, ìdí nìyẹn tó fi ń wàásù. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bọ́ọ̀sì tí kò rẹwà, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ abúlé fi gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ ojúewé tí àwọn ọmọ Malaevai tó wà ní Auckland, ní Sydney, ní Honolulu máa ṣí lórí fóònù, tí wọ́n á fi mọ ètò ayẹyẹ náà: ìsìn, eré ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ, ẹgbẹ́ akọrin, àti ní pàtàkì jù, àwọn oyè mẹ́rin tó ni abúlé, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn. Ulumoana ni olórí. Faʻasavili tẹ̀lé e, Seʻeiata tẹ̀lé Faʻasavili, Tagisia ló sì kéré jù. Ọmọ tó bá ṣi àwọn oyè yìí pè níta gbangba ní Malaevai, àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò lọ tẹ́ ẹní ìtúúbá.

Luapene bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì. Fọ́tò Tagisia ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó kọ Tagisia síbẹ̀. Ti Seʻeiata dé, ó kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ti Faʻasavili ló dé gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wá ń ti àpótí kọ̀ọ̀kan sókè sódò lójú gíláàsì, títí oníkálukú fi dé ipò rẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Ibi tó bá ti fẹ́ kí lẹ́tà tóbi, àṣẹ tí Salilo ní kí wọ́n máa fi sàmì sí olórí ọ̀rọ̀ ló ń lò, torí ó ti rí i pé ó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Ó fi àṣẹ yẹn kọ ìkéde palusami, ewé kókò aláàgbọn tí àwọn ìyá fẹ́ tà ní Sátidé, sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, kí gbogbo ayé lè rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sì fẹ́ kó pupa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń kọ àwọ̀ pupa sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbin ẹ̀pà.

Orúkọ Ulumoana ńkọ́? Lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà kò tó fún un. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó po ọ̀dà, ó kọ orúkọ náà sórí pákó dídán pẹ̀lú wúrà létí. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í tẹ̀ lé Faʻasavili nínú fáìlì, ó sì tì í lọ sí òkè ojúewé. Ó padà sẹ́yìn, ó wò ó títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àwọn olóyè jókòó nínú ilé ìpàdé tí kò lógiri, oníkálukú ti òpó tirẹ̀. Wọ́n ti mu ava, ohun mímu tí wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, tán, abọ́ onígi ńlá rẹ̀ ṣì wà láàárín. Fóònù kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo ẹni tó bá gbà á ló ń pariwo.

“Luapene!” Faʻasavili ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. “Ṣé bọ́ọ̀sì lo tún gbé wọnú fóònù ni? Ibo ni èrò ti ń sọ̀?”

“Ẹ̀yin ni kọ̀ndọ́kítọ̀, Olóyè,” ni Luapene dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ulumoana nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fún un ní fóònù kan tó ń kàwé jáde, ohùn òyìnbó inú rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ ìròyìn ayé.

“Mo gbọ́ pé ó dára,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kémi náà wò ó.”

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí ẹní, ó fọwọ́ kàn án. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀, kedere, nínú ilé tó dákẹ́.

“Àkọlé kìíní. Palusami ọjọ́ Sátidé. Ẹ tètè dé kó tó tán. Àkọlé kìíní. Tagisia. Àkọlé kìíní. Seʻeiata. Àkọlé kìíní. Faʻasavili. Àwòrán. Àkọlé kìíní. Ẹgbẹ́ akọrin…”

Bàbá náà dúró dè é títí ó fi parí.

“Ó tán?”

“Ó tán, Bàbá,” ni Luapene wí.

“Jẹ́ kó tún un kà.”

Ó tún un kà. Nígbà tó dé ibi “Àwòrán,” bàbá gbé ìka sókè. “Àwòrán kí ni?”

“Orúkọ yín ni, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Wúrà ló yí i ká. Kò sí èyí tó tóbi tó o níbẹ̀.”

“Ta ló rí i?”

“Gbogbo wọn ló rí i, Bàbá.”

“Èmi ńkọ́?”

Olóyè kan wúkọ́ láìjẹ́ pé ikọ́ ń ṣe é.

“Nínú ilé yìí,” ni Ulumoana wí, kò gbé ohùn sókè, “bí wọ́n bá ń pín ava, ife ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè?”

“Tiyín ni, Bàbá.”

“Ìwọ pe ti Tagisia. O sì pe palusami ṣáájú Tagisia. Tèmi, o ò pè é rárá.”

Tagisia, tí kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, wolẹ̀ bí ẹni pé òun ló jalè.

“Kì í ṣe nítorí mi nìkan,” ni bàbá tún wí. “Ẹ̀gbọ́n mi Tusipa wà ní Sydney, ojú rẹ̀ kò sàn ju tèmi lọ. Àwa mélòó ló wà níta tó ń fetí wo nǹkan? Ṣé ilé tiwa kọ́ ni?”

Seʻeiata sọ pé iléeṣẹ́ kan wà ní Apia tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn, ká má fi ayẹyẹ kọ́ṣẹ́. Àwọn méjì mi orí. Luapene rí Auckland níwájú rẹ̀, fèrèsé títì àti gbogbo rẹ̀.

“Ó di ìpàdé tó ń bọ̀,” ni Ulumoana wí. “Kó kọ́kọ́ gbé e tọ̀ mí wá nílé. Bí mo bá tún gbọ́ ‘àwòrán’ níbi tó yẹ kí n ti gbọ́ orúkọ, kó máa lọ bá ọmọ rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, Luapene gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú Salilo, ó ròyìn fún un. Ọmọbìnrin náà nawọ́, ó pa gbogbo àṣẹ ọ̀ṣọ́. Pupa lọ, àpótí tú ká, oníkálukú já bọ́ síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gan-an: palusami lókè téńté, àwọn olóyè ní ìdàkejì ipò wọn, gbogbo lẹ́tà ńlá ń bá ara wọn jà. Ó dà bí ẹrù ilé tí ìjì dà síta.

“Ta ló ba iṣẹ́ mi jẹ́?” ni Luapene pariwo.

“Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́, Bàbá. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ nìyí. Òun ni fóònù àwọn bàbá kà.”

Luapene tún gíláàsì náà wò. “O sì ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní.”

“Ẹ ń mi orí nígbà yẹn.”

“Orí ló ń mì. Etí kò sí níbẹ̀.”

Salilo rẹ́rìn-ín, ọkàn Luapene sì fúyẹ́ díẹ̀. Ó wá ọ̀nà àbùjá: wọn ò ṣe kàn fi orúkọ pamọ́ sẹ́yìn àwòrán náà, kí ẹ̀rọ lè rí i pè, kó tán síbẹ̀? Salilo ní ó ṣeé ṣe, kò tiẹ̀ gba àsìkò. Ṣùgbọ́n àwọn olóyè á ṣì wà ní ìdàkejì, palusami á ṣì jẹ́ olórí abúlé, lọ́la wọ́n á tún rí ihò míì, wọ́n á tún lẹ̀ ẹ́. “Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, Bàbá. Bọ́ọ̀sì tí igi rẹ̀ ti jẹrà, tẹ́ ẹ bá ń kùn ún lójoojúmọ́, èwo ló náni jù, ọ̀dà àbí igi tuntun?”

Èyí yé Luapene. Ó ti rí i, àwọn tó fi ọ̀dà bo igi jíjẹrà, tí ilẹ̀ ọkọ̀ sì ya lábẹ́ èrò.

“Ó dára. Ká tú u palẹ̀.”

“Dúdú lórí funfun, Bàbá. Kò sí àwọ̀ kankan títí Olóyè á fi gbọ́ ọ.”

“Dúdú lórí funfun? Bí ìwé ìkéde òkú?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an.”

Ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn nínú búkà rẹ̀, agolo ọ̀dà nìkan ló lè ròyìn rẹ̀. Ọwọ́ ń yún un. Ó kọ́kọ́ jókòó ti òfìfo funfun náà, kò mọ ibi tí yóò gbà wọ̀ ọ́. Nígbà tó sú u, ó dìde dúró, ó gbé àyà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ojúewé náà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pe ife ava nínú ìpàdé: orúkọ abúlé lákọ̀ọ́kọ́, òun nìkan ni àkọlé kìíní, àwọn olóyè lábẹ́ rẹ̀, Ulumoana, Faʻasavili, Seʻeiata, Tagisia, lẹ́yìn wọn ni ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá pè é tí ó dún dáadáa létí rẹ̀, á jókòó, á kọ ọ́. Ìbéèrè rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, “Báwo ló ṣe máa tóbi tó?” ló ń bi ara rẹ̀. Ní báyìí, “Ọmọ ta ni ọ̀rọ̀ yìí?” ni. Palusami rí ilé gbé: ọmọ oúnjẹ ni, oúnjẹ sì jẹ́ ọmọ ọjọ́ Sátidé.

Ohun kan tún bà á lẹ́rù. Bó ti ń pè é, ó kíyè sí i pé kò sí ibì kankan tí òun kọ àsìkò tí ìsìn máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti kùn ún sínú àwòrán aago kan tó rẹwà, ẹnu sì ti yin aago yẹn, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ ìsìn òwúrọ̀ ni, torí ìka aago náà bá ẹyẹ mu dáadáa níbẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ti bo irọ́ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ tó kùn ún kò rí i. Ó kọ àsìkò gidi sábẹ́ ìsìn.

Ó gbé ojúewé náà lọ sílé Ulumoana ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan. Bàbá wà lórí ẹní, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Luapene jókòó, ó ká ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún náà bó ṣe lè ká a, ó ṣí fóònù bàbá.

“Àkọlé kìíní. Ọgọ́rùn-ún ọdún Malaevai. Àkọlé kejì. Àwọn oyè abúlé. Àkọlé kẹta. Ùlúmùánà…”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Òyìnbó yìí! Kókò gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pè mí. Jẹ́ kó máa lọ.”

Ó ń lọ. Bàbá ń tẹ́tí, ètè rẹ̀ ń bá a lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, ó dá a dúró.

“Ẹgbẹ́ àwọn ìyá dà?”

“Wọ́n wà lábẹ́ oúnjẹ, Bàbá.”

“Lábẹ́ oúnjẹ? Àwọn ló kọ́ ilé ìjọsìn yẹn, ìwọ fi wọ́n sínú ìkòkò. Fún wọn ní àkọlé tiwọn, kí wọ́n ṣáájú akọrin. Àbí o fẹ́ kí ebi pa wá?”

Luapene tún un tò níbẹ̀. Wọ́n tún un gbọ́. Bàbá mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

“Ó ti wọṣọ?”

“Rárá o, Bàbá. Ìhòòhò ló wà.”

“Lọ wọṣọ fún un. Ìyẹn kò kàn mí.”

Luapene kò rìn dé ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ó ṣí fáìlì kejì, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ọ̀ṣọ́ nìkan. Ẹyẹ rẹ̀ àti ẹja rẹ̀ padà wá sí etí ojúewé, níbi tí wọn kò ti di ẹnu ẹnikẹ́ni. Orúkọ Ulumoana di lẹ́tà gidi. Kò rẹwà tó ti orí pákó, ó sì dùn ún. Ó gbé pákó wúrà náà kọ́ sára ògiri búkà, ó kọjú sí iṣẹ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé kí gbogbo àkọlé pupa.

Ní ìpàdé, fóònù tún ń lọ káàkiri. Ohùn òyìnbó pe àwọn olóyè bó ṣe yẹ, oníkálukú ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ń rọra gbé orí sókè. Búrẹ́dì aláàgbọn ń kọjá. Luapene ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí Faʻasavili, tí búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀, na ìka sí fóònù.

“Pupa wo nìyí? Pupa abúlé Vaitoʻa nìyí! Pupa ọkọ̀ ojú omi àwọn tó fìyà jẹ wá lọ́dún tó kọjá! Ṣé àwọn ló ń ṣọdún ni?”

Ilé dàrú. Seʻeiata ní òun ti sọ ọ́ pé ká gbé e fún iléeṣẹ́. Ẹlòmíì ní ayẹyẹ ti dé tán, nígbà wo ni ó fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ kùn? Ní ti àkọ́kọ́ tó ṣe, òótọ́ ni. Ì bá wá pupa kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ì bá sì gbàgbé díẹ̀. Luapene ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan. Ìlà kan. Ó pa pupa, ó kọ àwọ̀ aró.

“Ẹ tún un ṣí, Olóyè.”

Faʻasavili tún un ṣí. Búrẹ́dì dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Ta ló kùn ún?”

“Èmi ni.”

“Nígbà wo? Mi ò tíì gbé èyí mì!”

Tagisia bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé tẹ̀lé e. Wọ́n wá sọ ọ́ di eré. Ẹnìkan fẹ́ àwọ̀ ewé, ẹlòmíì fẹ́ òféèfé, Luapene ń yí i fún wọn bí ẹni ń yí aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù, títí Ulumoana fi fọwọ́ lu ilẹ̀.

“Ó tó. Luapene, bí ẹ ṣe ń fi àwọ̀ ṣeré yìí, ṣé ẹnikẹ́ni ti kúrò ní àyè rẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó kúrò, Bàbá.”

Kò gbà á gbọ́ lásán. Ó fọwọ́ kan fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jókòó sí àyè rẹ̀. “Àwọ̀ aró ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa.”

Kí Luapene tó dìde, Seʻeiata ti súnmọ́ ọn, ohùn jẹ́jẹ́, pé ẹgbẹ́ olùkọ́ ilé ìwé àwọn náà ń wá ojúewé o, kò sì sí ìkánjú.

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Vaelupe ni.

“Bàbá, mo ti rí i. Gbogbo wa ló ń wò ó níbí. Ẹja yín wà níbẹ̀.”

“Kí lo gbọ́? Ṣé o gbọ́ ọ?”

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Mo ríran.”

“Jẹ́ kó kà á fún ẹ. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà.”

“Ó ti yanjú nìyẹn. Ẹ ò wá mọ́.”

“Mi ò wá mọ́.”

“Mo ti tún yàrá ṣe fún yín. Mo ti gbé ẹ̀rọ amúlémóoru síbẹ̀.”

Luapene kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. “Má tú u ká,” ló wí. “Oṣù Kejìlá, tí oòrùn bá mú lọ́dọ̀ yín, màá wá lò ó fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa ṣí fèrèsé yẹn fún mi láàárọ̀.”

“Èmi ni màá ṣí i,” ni Vaelupe wí.